Ẹni Tó Mú Mi Dé Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Eléré

Ìwé mẹ́fà ni mo kà tán. Girama tí mo wọ̀, ọdún méjì péré ni mo lò níbẹ̀ tí mo fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Ìsọlọ̀, kò sẹ́ni tó lè kọ eré bíi tèmi, mo sì ń sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Nígbà tí ìjọba san àjẹsílẹ̀ owó oṣù fáwọn òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tẹlifíṣọ̀n pọ̀ ládùúgbò wa ju àga lọ. Àwa tí kò ní, ojú fèrèsé àwọn tó ní la ti ń wò ó. Bí eré bá ń lọ, màá ní èyí ò tíì dáa, tèmi ń bọ̀. Wọ́n á ní kí n gbẹ́nu dákẹ́ káwọn lè gbọ́ràn.

Tèmi ọ̀hún wà nínú ìwé ọgọ́rin ewé kan. Ìdí ẹ̀rọ ni mo ti kọ ọ́, ní kọ́ńpìnì aláṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Eré ọmọbìnrin kan ni, ẹ̀rọ gé ìka ẹ̀, kọ́ńpìnì fún un ní àpò ìrẹsì kan, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ojoojúmọ́ ló ń lọ dúró níwájú géètì, títí wọ́n fi ti géètì mọ́ ọn lójú. Eré parí. Fóòmànù ká ìwé náà mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí òwú já lórí ẹ̀rọ mi tí mi ò mọ̀. Ọjọ́ náà ni wọ́n lé mi.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ń ta aṣọ l'Óṣòdì, ni mò ń gbé. Ó gbọ́, kò pariwo. Ó kàn ní òun ti bá télọ̀ kan sọ̀rọ̀ nílùú wa, ní Ìwó, pé tóṣù bá fi parí tí mi ò ríṣẹ́, kí n lọ máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀. Mo sì ti sọ fún gbogbo ọmọ Ìwó tó wà l'Ékòó pé inú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n á ti gbọ́ orúkọ mi. Ojú wo ni màá fi padà?

Mo gbé ìwé mi lọ sílé tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ, mi ò kọjá géètì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹni tó ń ṣọ́ géètì ṣàánú mi. Ó ní wọn kì í gba eré lọ́wọ́ irú mi, ọwọ́ ẹgbẹ́ eléré ni wọ́n ti ń gbà á, kí n lọ wá máníjà tó máa mú mi dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá eléré.

Máníjà tí mo rí, ẹ̀yìn rélùwéè l'Óṣòdì ló ń gbé. Òun ló ń bá àwọn ẹgbẹ́ eléré gba gbọ̀ngàn, tó ń fi mọ́tò àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde wọn káàkiri. Kò sí ọ̀gá eléré tí kò mọ̀. Mo na ìwé sí i, kò gbà á. Ó ní kí n fẹnu sọ ọ́. Bó ṣe ń pààrọ̀ táyà ni mò ń sọ ọ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó ní ọ̀gá kan wà l'Éjìgbò tó ń wá eré tuntun fún tẹlifíṣọ̀n, òun á mú mi lọ.

"Ṣùgbọ́n àbúrò, tá a bá débẹ̀, èmi ni màá sọ̀rọ̀. Ìwọ dọ̀bálẹ̀, kó o jókòó. Ṣó o ti rí ọkọ ìyàwó tó ń fẹnu ara ẹ̀ tọrọ ìyàwó rí?"

Mo ní rárá.

"Ó dáa. Bákan náà ni."

A débẹ̀ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Ọ̀gá wà láàárín àwọn òṣèré ẹ̀. Ìyáálé ilé náà, tó máa ń ṣe ìyá nínú gbogbo eré wọn, ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Máníjà bẹ̀rẹ̀, ó ń sọ ọ́ dáadáa. Ìgbà tó dé ibi géètì ni mo gbọ́ tó ní, "Ni ìyá ọmọ náà bá dé." Kò sí ìyá kankan nínú ìwé mi. Látìgbà yẹn, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mò ń wá ibi tí màá ti já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹ̀. Mo kàn rí i pé ọwọ́ ìyáálé dúró lórí ẹ̀wà.

Nígbà tó parí, ọ̀gá ní eré ti dé. Ó ní ká kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kó tẹ òun lọ́wọ́ lọ́jọ́ Sátidé, torí ilé tẹlifíṣọ̀n fẹ́ rí ìwé kí wọ́n tó gba eré. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Èmi dìde.

"Ẹ má bínú sà, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ò ka ìwé náà rárá, wọ́n kàn ń bù mọ́ ọn ni."

Mo ṣíwèé, mo ka òpin tèmi fún wọn. Nígbà tí mo dákẹ́, òṣèré kan bi mí pé ṣé ó ti tán ni.

Ọ̀gá ní, "Èyí tí ẹ̀gbọ́n ẹ sọ la fẹ́. Kí ni ìyá yẹn tiẹ̀ wí ní géètì? Tún un sọ."

Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo wo Máníjà, ó ti ń dé fìlà. Ó kí ọ̀gá, ó kí ìyáálé, ó jáde, kò wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ nà gbalaja sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ l'Óṣòdì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà tún ibi tí ìyá ti dé sọ fún mi. Kò bú mi, ìyẹn ló tún dùn mí jù.

"Àbúrò, ojú àwọn tó jókòó ni mò ń wò tí ọ̀rọ̀ fi ń wá. Kò sí lẹ́nu mi mọ́. Lọ kọ tìẹ."

Mo délé, mo kọ ìyá mẹ́rin. Ọ̀kan ń ṣépè, ọ̀kan ń sunkún, ọ̀kan ń bẹ òyìnbó tó ni kọ́ńpìnì, ọ̀kan dákú. Mo fa gbogbo wọn ya. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti fọ aṣọ mi, ó ti ń ká a sínú báàgì.

Lọ́jọ́ Fúráìdeè, mo fẹsẹ̀ rìn láti Ìsọlọ̀ dé Èjìgbò, mo dúró lókèèrè títí ọ̀gá fi jáde. Mo wọlé lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyáálé, mo ní kó gbà mí, kó sọ ohun tí ìyá ọmọ náà ṣe.

"Ṣé o ò sí níbẹ̀ ni?"

Mo ní mo wà níbẹ̀, mà, mi ò gbọ́ ni.

"Ẹnu ẹ ló di etí ẹ." Ó wò mí títí, ló bá wá sọ ọ́. Ó ní ìyá náà ò bú ẹnì kankan. Ó tú gèlè orí ẹ̀, ó tẹ́ ẹ síwájú géètì, ó ní: "Ẹ fún mi níka ọmọ mi, kí n lọ sin ín." Wọn ò ríka fún un. Ó jókòó ti gèlè náà.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ ọ́, lórí ilẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé, mo gbé e fún ọ̀gá. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ní ẹni tó mú mi wá dà, òun ò lè bá ọmọdé nìkan dòwò. Mo bá sáré padà s'Óṣòdì. Mo bá Máníjà lẹ́nu oúnjẹ, mo kúnlẹ̀, mo ka ibi géètì fún un. Ó fi òkèlè sílẹ̀.

"Èmi ò sọ̀rọ̀ ìka. Oúnjẹ ni mo ní ìyá gbé wá fọ́mọ ẹ̀. Ta ló sọ eléyìí fún ẹ?"

Mo ní ìyáálé ni. Ó fọwọ́, ó mú fìlà. "Dìde. Tá a bá débẹ̀, má lanu."

Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé ìwé náà fún ọ̀gá. Ọ̀gá ní kí òṣèré kan kà á sókè. Nígbà tó dé ibi gèlè, ọ̀gá gbọ́wọ́ sókè.

"Èyí ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ sí. Ta ló ronú ẹ̀?"

Ìyáálé wà níbẹ̀, ojú ẹ̀ wà lára mi. Mo mọ ohun tó yẹ kí n wí, pé òun ni. Mo rántí báàgì tí wọ́n ti dì dè mí.

"Àbúrò mi ni, sà," Máníjà ló dáhùn.

Ọ̀gá ní ó ti bọ́ sí i, òun gbà á, kí n wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó ní kí ni orúkọ mi, kí wọ́n kọ ọ́ sójú ìwé. Mo pè é, ẹni tó ń kọ ọ́ ò gbọ́, mo tún un pè. Nígbà tí mo gbójú sókè, ìyáálé ti wọlé lọ.