Ọjọ́ Tí Mo Tún Fáàfù Ọkọ̀ Bàbá Mi Ṣe

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti pẹ́ nínú mi. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni, àmọ́ kì í ṣe ti mọ́tò nìkan.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. Tíṣà ni mí nígbà náà ní Lálúpọn, ọ̀dọ̀ àwọn òbí mi ni mo sì ń gbé. Bàbá mi ti ṣiṣẹ́ akọ̀wé ìjọba kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tó ti gbó kí wọ́n tó rà á lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílé. Àwọn fúnra wọn ló ń tún un ṣe, àwọn náà ló sì kọ́ mi bí a ṣe ń wà á, bí àwọn ará ìlú tilẹ̀ ń wo èmi obìnrin bí ẹni ń wo ìran.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbà jà wọ́n lápá ọ̀tún. Ọwọ́ kú, ẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu wọn ní ẹyọ ẹyọ. Ọkọ̀ wá jókòó sábẹ́ igi ọsàn, adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, Lámídì, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, gun kẹ̀kẹ́ dé láti abúlé wa lẹ́yìn Mọ́níyà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní àìsàn bàbá òun ti le, ó jọ pé kò ní pẹ́ mọ́, pé wọ́n fẹ́ fi ojú kan àbúrò wọn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n wọn kò wọ ilé ara wọn? A kò sì jẹ́ béèrè ìdí. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ẹ̀gbọ́n wọn jẹ́ Mùsùlùmí, àgbẹ̀ tí kò fi abúlé sílẹ̀ rí, àti pé bàbá mi ni wọ́n mú lọ sí ilé ìwé míṣọ́nnì, ibẹ̀ ni wọ́n ti di Kristẹni.

Màmá mi ní bàbá kò lè gun lọ́rì pẹ̀lú irú ara yìí. Bàbá mi pe orúkọ mi, wọ́n na ọwọ́ òsì sí abẹ́ igi ọsàn.

"Dúpẹ́. Ọkọ̀."

Mo ní, "Bàbá, kò fà dáadáa mọ́ kí àìsàn yín tó dé. Fáàfù rẹ̀ ń pariwo."

"Tún un ṣe."

Èmi kẹ̀? Mo mọ ọkọ̀ wà, mo mọ omi bù sí i, àmọ́ n kò fọwọ́ kan inú ẹ́ńjìnnì rí. Mẹkáníìkì kan ṣoṣo tí a ní sì ti kó lọ sí Ìbàdàn.

Lámídì gbé àga síta fún bàbá mi. Mo tú ìdérí orí ẹ́ńjìnnì. Àwọn apá irin kéékèèké tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan dojú kọ orí fáàfù tirẹ̀, ìyẹn ọmọrí tó ń ṣí tó sì ń padé nínú ẹ́ńjìnnì. Àlàfo díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Irin pẹlẹbẹ kan tó fẹ́lẹ́ bí ìwé ni a ń kì bọ ibẹ̀ láti wọ̀n ọ́n. Tí àlàfo bá ti pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á máa lu kà-kà-kà.

Lámídì ń fi irin ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì níwájú, èmi ń tú nọ́ọ̀tì, mo ń yí sukúrù tó ń dín àlàfo náà kù, mo ń de nọ́ọ̀tì padà. Bí mo bá ti ń dè é ni sukúrù ń bá a yí, iṣẹ́ á sì tún bàjẹ́. Bàbá mi ní, "Di orí ẹ̀ mú." Mo wá ń fi ọwọ́ kan di sukúrù mú, kí ìkejì máa de nọ́ọ̀tì.

Ariwo yẹn ni mo fẹ́ lé lọ, mo bá fún gbogbo àlàfo náà pinpin. Nígbà tí Lámídì yí i, ọkọ̀ ta, ó sì rọra ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Inú wa dùn. A gbé bàbá wọ ọkọ̀, màmá mi gbàdúrà, a gbéra.

A la Ìbàdàn kọjá. Kí a tó dé Ṣáṣá, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ó dé orí òkè kékeré kan, agbára tán, ó kú sẹ́bàá ọ̀nà.

Mùsùlùmí kì í fi òkú sùn. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá kú láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti sin wọ́n.

Bàbá mi ní, "Ó le jù. Irin ń wú... tó bá gbóná. Fáàfù kò lè padé." Wọ́n sinmi. "Ó yẹ kó máa dún díẹ̀."

A ní láti dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù. Níbi ìdúró yẹn ni bàbá mi ti sọ ohun tí n kò gbọ́ rí. Nígbà tí ìyá wọn kú, ibi iṣẹ́ tó jìnnà ni bàbá mi wà. Kí wọ́n tó délé, ẹ̀gbọ́n wọn ti sin ìyá. Wọn kò rí ojú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti yí padà, wọn kò sì wọ ilé náà mọ́.

Mo bi wọ́n pé kí ni ẹ̀gbọ́n wọn wí.

Wọ́n tẹjú mọ́ títì. "N kò bi wọ́n."

Nígbà tí irin tutù, wọ́n ní kí a gbé àwọn dìde. Lámídì dì wọ́n mú, wọ́n fi ọwọ́ òsì lé ọwọ́ mi, a jọ ń fa irin pẹlẹbẹ náà láàárín àlàfo. Kò gbọdọ̀ há, kò gbọdọ̀ yọ̀ bọ́. Ó ní láti máa wọ́ díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fa owó bébà jáde láàárín ìwé ńlá. Mo mọ̀ ọ́n lára nígbà yẹn. A ṣe ìyókù bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ta, ó ń dún fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ó sì gun òkè náà.

Ìrun Alásàrí ni wọ́n ń kí nígbà tí a wọ agboolé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣì wà láyé. Orí ẹní ni wọ́n wà, wọ́n ti gbẹ, àmọ́ ojú wọn mọ èèyàn.

Wọ́n fi oríkì pe bàbá mi, wọ́n ní, "Àyìnlá, mo dúró dè ọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn àáfà ní ká gbé Ìyá lọ láàárọ̀, mo ní kí wọ́n ní sùúrù. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀. Gbogbo lọ́rì tó bá dún ni mò ń dìde sí."

Omijé bọ́ lójú bàbá mi. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú."

Ẹ̀gbọ́n wọn rọra sún sẹ́yìn lórí ẹní. A tẹ́ bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó kanrí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi dákẹ́. Nígbà tí wọ́n ń sin wọ́n nírọ̀lẹ́, èmi àti Lámídì di bàbá mi mú lápá méjèèjì títí bàbá fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì bu yẹ̀pẹ̀ sínú sàréè.

Kí ni mo rí kọ́? Mo kọ́ pé ìbínú lè máa jẹun lọ́wọ́ èèyàn láti ọdún dé ọdún, nígbà tó jẹ́ pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni ì bá pa á. Bàbá mi kò tíì gbọ́ ẹjọ́ tí wọ́n ti dá a. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n wá rí lò pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n sì máa ń sọ fún mi pé àwọn dúpẹ́ ọjọ́ kan náà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ẹ ń bá yodì tí ẹ kò tíì bi léèrè? Bí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ sọ ọ́ fún wa níbí. Àmọ́ bí ẹni náà bá ṣì wà láàyè, ẹ kọ́kọ́ lọ bi í ná.