Àkísà Pupa Lójú Odò

Ọmọ tí mo kọ́ ní á-bí-dí ni wọ́n fẹ́ fi jẹ alága àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi wa ní Agboyi. Inú bí mi. Ọmọ tí mo máa ń nu ikun imú fún, ṣé òun ni yóò wá máa sọ ìgbà tí mo lè kọjá sí Kétu fún mi? N kò fi ìbínú náà pamọ́. Mo ní àwọn ọmọ ìwòyí, ojú fóònù ni wọ́n ń gbé, ìwàǹwára sì ni tiwọn.

Àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wakọ̀, wọ́n sì dìbò fún un. Kò tó oṣù kan tó fi ri àwọn igi gígùn mọ́ inú odò, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fa yanrìn, ó sì so àkísà pupa mọ́ orí igi kọ̀ọ̀kan. Ó ti bá wọn ṣiṣẹ́ yanrìn rí, ó mọ ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ jìn. Ó ní kí ọkọ̀ kankan má gba ibẹ̀ mọ́.

Ibẹ̀ sì ni ọ̀nà àbùjá wa láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge. Bàbá tó dàgbà jù nínú àwọn atukọ̀ kò fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá ló fi ń ti ọkọ̀ tirẹ̀ gba ibẹ̀, nítorí pé ọ̀pá máa ń kan ilẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun mọ odò ju ojú ẹlòmíràn lọ.

Wọ́n pe ìpàdé. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá dàgbà jù ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kó tó kan ọmọdé, ọ̀rọ̀ ti tán. Àgbàlagbà kan ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kàn mí, mo dìde.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, igi tí wọ́n so àkísà pupa mọ́, kí la ń pè é? Ṣé kì í ṣe ààlè ni? Ta ló ń fi ààlè sí odò gbogbo wa? Ta ni olè tó ń lé nínú wa?"

Ilé dàrú. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ààlè. Mo kàn fẹ́ kó rántí pé èmi ni tíṣà rẹ̀.

Ọmọ náà dìde láti ẹ̀yìn. "Mummy Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, warning lásán ni. Wọ́n ti gbẹ́ ibẹ̀. Odò tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn, kò sí níbẹ̀ mọ́ o."

Àwọn àgbà ní kó jókòó. Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún Bàbá tó ń fi ọ̀pá tukọ̀ yẹn, wọ́n sì ní kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ lọ fa àwọn igi náà tu. Ó fà wọ́n tu. Ó sá àwọn àkísà náà sórí ọgbà bí ẹni tó fọṣọ.

Òjò ọdún náà kò sinmi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo ń bọ̀ láti Mile 12, àwa méje la wọ ọkọ̀ Bàbá. Ó yà sí ọ̀nà àbùjá. Ó ti ọ̀pá lẹ́ẹ̀kíní, ó tì í lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀pá ń rì lọ, kò dúró, ọwọ́ Bàbá sì tẹ̀lé e wọ omi dé èjìká. Ó gbójú sókè, ó wò mí.

"Tíṣà, ilẹ̀ dà?"

N kò tíì dáhùn tí ọkọ̀ fi dojú dé.

Ọmọ yẹn, tó ń wakọ̀ bọ̀ lẹ́yìn wa, ló fà wá jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, àwa méjèèje. Bàbá, ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀.

Nígbà tí a tún jókòó ìpàdé, wọ́n ní ọjọ́ Bàbá ló pé. Wọ́n fi ẹni tó tẹ̀ lé e lọ́jọ́ orí jẹ alága. Mo dìde. Mo ní irọ́ ni mo pa lórí ọ̀rọ̀ ààlè, kí wọ́n dá àwọn igi padà, kí wọ́n sì dá ipò ọmọ náà padà fún un. Wọ́n wò mí tàánú-tàánú. "Mummy Tíṣà, ẹ jókòó. Ẹ̀rù omi ṣì ń bà yín ni. Ara yín náà sì ti ń dàgbà." Lẹ́yìn ìpàdé, mo gbọ́ tí ọ̀dọ́ kan sọ fún èkejì rẹ̀ pé àwọn àgbà kì í yí padà, pé gbígbó ni wọ́n kàn ń gbó.

Mo lọ bá ọmọ náà. Ó ti padà sídìí ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó ní, "Mummy, ẹ má bínú, mi ò ṣe olórí ẹnikẹ́ni mọ́," ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo ṣì ń wọ ọkọ̀ láràárọ̀, torí kò sí ọ̀nà mìíràn. Alága tuntun tó ń gbé mi, òun náà kò fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá ló ń lò. Ó ní òun kò gba ibi tí Bàbá gbà, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ lòun ń gbà. Tí a bá dé ibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò títí ọ̀pá á fi kan ilẹ̀. Lánàá, ọwọ́ rẹ̀ wọ omi dé ìgbọ̀nwọ́ kí ọ̀pá tó kan ilẹ̀.