Àléjì Tí Kò Sí Nínú Ìgò

Mo ti bá oríṣiríṣi dókítà ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Èrúwà, ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tí ìwé kún orí rẹ̀ tí etí rẹ̀ sì di tó ọ̀gá olùwádìí tí mo bá lọ sí àwọn abúlé Tápà. Àléjì ló ń ṣèwádìí lé lórí, ìyẹn àwọn ohun tí ara ènìyàn máa ń kọ̀, ì báà jẹ́ nínú oúnjẹ, ì báà jẹ́ nínú eruku. Wọ́n ní kí n máa bá a túmọ̀ èdè.

Túmọ̀ èdè! Ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé ni. Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí. Ó lo ọdún díẹ̀ lókè òkun, ló bá ní Yorùbá ti ń wúwo lẹ́nu òun. Ọmọ tí mo lè bí ni, síbẹ̀ ìka ló fi ń pè mí.

Àpótí kan ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ tí ìgò kéékèèké kún inú rẹ̀. Òkè òkun ni wọ́n ti kó wọn wá. Ti irun ológbò wà níbẹ̀, ti ẹja inú òkun tútù wà níbẹ̀, àti ti òdòdó igi kan tí kò hù rí láàárín Èrúwà àti Tápà láti ìgbà tí aláyé ti dáyé. A ó kán omi inú ìgò sí apá ènìyàn, a ó fi abẹ́rẹ́ gún ojú ibẹ̀ wẹ́ẹ́rẹ́, a ó sì dúró. Bí ara onítọ̀hún bá kọ nǹkan náà, ibẹ̀ á wú bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ, a ó sì fi rúlà wọ̀n ọ́n. N kò kẹ́gàn iṣẹ́ náà, iṣẹ́ gidi ni. Ẹni tí wọ́n gbé e lé lọ́wọ́ ni mo kẹ́gàn.

Lọ́jọ́ kan, a fi mọ́tò wa sílẹ̀ ní Tápà, ọ̀kadà ló gbé wa wọ abúlé. Ọ̀gá fi abẹ́rẹ́ oògùn pàjáwìrì, èyí tí a fi ń gba ẹni tí àléjì bá fẹ́ dá èémí rẹ̀ dúró là, sílẹ̀ nínú mọ́tò, ó ní ọ̀kadà á mì ín jù. Mo fi tèmi sínú àpò mi.

Ìyàwó ilé kan tó tó ẹni ogójì ọdún jókòó síwájú wa. Ọkọ rẹ̀, àgbẹ̀, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wò wá.

"Màmá nọ́ọ̀sì," obìnrin náà ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún dókítà. Tí mo bá ti ń bó ẹ̀gúsí, ojú mi á wú, àyà mi á há. Tí mo bá jẹ ẹ́, ọ̀fun á máa yún mi. Gbogbo ilé wá ń pè mí ní ọ̀lẹ."

"Ọ̀lẹ náà ni," ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Ta ni ẹ̀gúsí ń pa? Ìyá mi bó ẹ̀gúsí títí ó fi darúgbó."

Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá lédè òyìnbó. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní kí n bi í bóyá ara máa ń yún un tó bá jẹ píìṣì. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo bi í.

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Èso òyìnbó kan ni."

"Ṣé wọ́n ń tà á ní Tápà?"

Gbogbo àwọn tó dúró yí wa ká bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ń kọ̀wé lọ ní tirẹ̀. A kán gbogbo ìgò náà tán, kò sí ibi kankan tó wú. Ó ní obìnrin náà kò ní àléjì kankan, pé èrò ọkàn lásán ni, àti pé àwọn ará oko kì í ní in.

Mo ní lédè Yorùbá, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká lọ ẹ̀gúsí, ká fi gún un, ká wò ó."

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ewúrẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ó fi òyìnbó ní ẹ̀gúsí kò sí nínú ìgò òun.

Obìnrin náà kò gbọ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ẹ̀rín. Ó dìde, ó wọlé, ó lọ ẹ̀gúsí díẹ̀ lórí ọlọ, ó fi ìka mú un jáde. Ó na apá sí mi. "Ẹ gún mi."

Mo mọ̀ pé ó léwu. Mo fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ oògùn tó wà nínú àpò mi, mo fi ẹ̀gúsí náà sí apá rẹ̀, mo sì fi abẹ́rẹ́ kékeré gún ojú ibẹ̀.

Kò pẹ́ rárá tí ibẹ̀ fi wú tó ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìpéǹpéjú rẹ̀ wú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, èémí rẹ̀ ń súfèé. Ọ̀gá fò dìde.

"Yéè! Mo dáràn o! Ẹ gbà mí o!"

Yorùbá tó ń wúwo lẹ́nu rẹ̀ wá ń dà bí òjò. Mo ní kó bá mi di obìnrin náà mú, ó fà sẹ́yìn. Ọkọ ló bá mi dì í mú, mo sì gún un lábẹ́rẹ́ oògùn náà sí itan. Nígbà tó ṣe díẹ̀, èémí rẹ̀ rọlẹ̀.

Mo mú rúlà, mo wọn apá rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Òyìnbó ti padà sẹ́nu rẹ̀. Ó ní ìyẹn kò lè wọ ìwé òun, ó sì pa ìwé náà dé.

Ọkọ rẹ̀ gbé agbọ̀n ẹ̀gúsí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e lọ sílé àbúrò rẹ̀. Ó padà dé, ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ mi, ẹ má bínú." N kò gbọ́ ọ rí kí àgbẹ̀ Ìbàràpá fi "ẹ" bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú àlejò. Òun ló gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Tápà, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ. Nígbà tí a dé Tápà, ọ̀gá jókòó sínú mọ́tò, ó ń gba atẹ́gùn tútù.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n pè mí sí Ìbàdàn kí n wá gbọ́ àbájáde ìwádìí náà. Ọ̀gá dúró níwájú, ó ní àwọn ará oko Ìbàràpá kì í ní àléjì oúnjẹ. Mo na ọwọ́. Ó rí mi, ó ní àkókò ti lọ. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pàtẹ́wọ́, títí dòní ni mo ṣì ń kórìíra ọwọ́ mi méjèèjì nítorí rẹ̀.

Mo rí obìnrin náà lọ́jọ́ ọjà Tápà. Ilá gbígbẹ ló ń tà, ara rẹ̀ sì ń dán.

"Ṣé dókítà ti kọ ọ́, Màmá nọ́ọ̀sì?"

"Kò kọ ọ́."

Ó pòṣé. "Kó jókòó ti ìgò ẹ̀," ló wí, ó sì yíjú sí oníbàárà tó ń bi í ní iye tó ń ta ilá.