Àgbáyun Nínú Ìkòkò Ògì

Ọdún tí bàbá mi wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Mowe ni dókítà sọ fún wọn pé àtọ̀gbẹ ló ń ṣe wọ́n, kí wọ́n jìnnà sí ṣúgà. Bàbá tí ṣúgà máa ń pọ̀ ju tíì lọ nínú kọ́ọ̀bù wọn! Wọ́n ní ògì tí kò ní ṣúgà ti kan jù, àwọn ò mu. Bẹ́ẹ̀ oògùn wọn kò gbọdọ̀ bá inú òfìfo. Wọ́n ti lò ó láìjẹun lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì dákú lójú mi. Ẹ̀rù ń bà mí, inú sì ń bí mi.

Àbúrò wọn obìnrin ló fi àgbáyun ránṣẹ́ láti Ifọ̀, èso igbó pupa kéékèèké tí wọ́n wé sínú ewé. Wọ́n pè mí: “Fún bọ̀ọ̀dá mi pẹ̀lú ògì. Ó máa ń jẹ́ kí nǹkan kíkan dùn. Ṣùgbọ́n…” Kírẹ́díìtì tán.

Kí lèmi ṣe? Mo mú díẹ̀ nínú ẹ̀, mo yọ kóró wọn, mo da ẹran èso náà sínú ògì tó ń hó lórí iná. Bàbá mi tọ́ ọ wò, wọ́n fajú ro.

“Kí lo fi sí i?”

“Àgbáyun ni, sà.”

“Nínú ìkòkò?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí wọ́n ti dé láti ọsibítù! “Ta ló ń se àgbáyun, ọmọ yìí? Gbé tútù wá jàre.”

Wọ́n ju ẹyọ kan sẹ́nu, wọ́n yí i kiri lórí ahọ́n, wọ́n tu kóró ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo kà á pé kì í ṣe ṣúgà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Pùrótéènì kan ni tó máa ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n. Bí ohun kíkan bá kàn án, dídùn ni ahọ́n máa gbọ́. Iná ló ń bà á jẹ́, bó ṣe ń sọ omi ẹyin di líle.

Wọ́n mu ògì kan náà. Wọ́n dúró, wọ́n wò mí bíi pé mo ti jí ṣúgà bù sí i. Wọ́n tún mu. Wọ́n mu ún tán, wọ́n lo oògùn wọn.

Mo sá wọ kíṣìnì lọ sunkún ayọ̀, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá igbó Ifọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn wọn láti pálọ̀:

“Ṣé ó ṣì kù?”