Ìpàdé Tí A Kò Ṣe

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń dìde dúró bí mo bá ti gbọ́ ìró bàtà ọ̀gá àgbà wa lórí àtẹ̀gùn. Alẹ́kùwodò ni ọ́fíìsì wa wà. Búlọ́ọ̀kù la ń ṣe, àwọn oníṣòwò Òṣogbo ló sì dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, tí olúkúlùkù ní ìpín ìdókòwò tirẹ̀. Èmi ọmọ Iléṣà, tí mo rò pé ayé ti gba tèmi nítorí pé mo so táì mọ́rùn, ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ olùdarí.

Òfin wa gbà kí ìgbìmọ̀ fún ọ̀gá lẹ́tọ̀ọ́ láti ra ìpín lọ́jọ́ iwájú, ní iye tí ìpín jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fún un. Bó bá gbówó lórí lẹ́yìn náà, èrè di tirẹ̀. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ ìpín ti gbówó lórí tán, nítorí iṣẹ́ ńlá kan tí a rí gbà, kí ọ̀gá tó rántí ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ló bá pè mí, ó ti ilẹ̀kùn, ó mú ọjọ́ kan nígbà tí owó ìpín ṣì kéré, ó ní ọjọ́ náà ni ìgbìmọ̀ jókòó tí wọ́n fún òun lẹ́tọ̀ọ́ náà.

"Méjì nínú ìgbìmọ̀ ti gbà. Bí wọ́n bá bi ọ́ nípàdé ọdọọdún, sọ pé o wà níbẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá kọ̀, iṣẹ́ bọ́. Bí mo bá gbà, ẹ̀wọ̀n ń wò mí. Mo sá lọ bá bàbá mi n'Iléṣà, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo dúpẹ́, àmọ́ òwe kì í san owó ilé.

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn tó wà nítòsí Ọjà Ọba kún fún àwọn tó ní ìpín. Ọ̀gá kéde ẹ̀tọ́ rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n fún un. Ìyá àgbà kan, opó alága wa àkọ́kọ́, dìde tòun ti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ dá yẹn, ṣebí fídáù ọkọ mi là ń ṣe? Ilé wa ni gbogbo yín jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́." Ó kọjú sí mi. "Akọ̀wé, ìwọ lo gbé omi fún mi. Ní orúkọ Ọlọ́hun, ibo lẹ ti ṣèpàdé?"

Iye ìpín ni ọ̀gá wò, kò wo ohun tí a ń ṣe lọ́jọ́ náà. Èmi náà, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n rántí. Mo wo ọ̀gá, mo wo ìyá. Ìyá ló bà mí lẹ́rù jù.

"A ò ṣèpàdé kankan, mà."

Wọ́n fagi lé ẹ̀tọ́ náà lójú ẹsẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi kọ̀wé fipò sílẹ̀, àwọn méjì tó gbè é lẹ́yìn sì bá a lọ. Àwọn èèyàn ń pè mí ní akíkanjú, mo sì ń gbé àyà káàkiri. Akíkanjú wo? Ká ní ìyá yẹn ò dìde, mi ò mọ ohun tí ǹ bá sọ.

Èmi náà ti di ọ̀gá àgbà níbòmíràn báyìí. Wọ́n fún mi nírú ẹ̀tọ́ yẹn, wọ́n sì kéde ọjọ́ rẹ̀ ní gbangba kí iye ìpín tó yí padà, ọkàn mi balẹ̀. Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí mo gbàgbé nǹkan, tí mo bi akọ̀wé wa, ọmọbìnrin kan tó gbọ́n tó sì ń bọ̀wọ̀ fúnni, pé ọjọ́ wo gan-an la ṣe ìpàdé ìgbìmọ̀ tó gbẹ̀yìn.

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ní ká kọ ni, sà," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Jìnnìjìnnì bò mí.