Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Kò Rí Ìbò Dì

Bọ̀ọ̀lì kan ní Mgbuoba, ní Port Harcourt níbí, ti di ẹgbẹ̀rún náírà kan lónìí, ẹ kò sì tíì ra ẹja tí ẹ ó fi jẹ ẹ́. Nígbà èwe mi, kọ́bọ̀ kan péré ni, Mama Ngozi yóò sì da epo àti ata lé e lórí lọ́fẹ̀ẹ́. Obìnrin Ìgbò ni, ògiri kan ló là wá láàárín ní Diobu. Èéfín bọ̀ọ̀lì rẹ̀ ló máa ń jí mi láràárọ̀.

Lọ́jọ́ kan, òórùn mìíràn ló jí mi: àyọ́ọ̀nù eléèédú lórí aṣọ tó gba sítáàṣì. Bàbá ń lọ ṣòkòtò funfun rẹ̀. Télọ̀ ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti dé Port Harcourt kí wọ́n tó bí mi. Bàtà aláwọ̀ rẹ̀ ń dán lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Délé," ó wí fún Màmá, "ọjọ́ pé o. Mo ń lọ dìbò."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ̀ pé Ìbò ni àwọn òbí wa ń pe àwọn Ìgbò. Yorùbá tèmi kò sì tó nǹkan. Pidgin la fi ń ṣeré látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni pé Bàbá fẹ́ lọ di Ìbò. Mo rò pé bó bá padà dé, èdè Mama Ngozi ni yóò máa sọ, kò sì ní mọ orúkọ mi mọ́. Mo gbé bàtà ẹsẹ̀ òsì, mo rì í sínú àpò èédú Mama Ngozi.

Ìgbìmọ̀ ìlú ni wọ́n fẹ́ yàn. Ó ti pẹ́ tí Bàbá ti ń sanwó orí, síbẹ̀ àlejò ni wọ́n ń pè é. "Àlejò tó ń sanwó orí ti kúrò lálejò," ló máa ń wí. Ọjọ́ yẹn ló fẹ́ kí ìlú gbọ́ ohùn òun, kò sì ní wọ sálúbàtà lọ síbẹ̀. Ó wá bàtà títí oòrùn fi ga.

Mama Ngozi ló gbé e jáde, ó ti dúdú fún èédú. "Who put shoe for my charcoal? Na shoe I wan roast?"

Mo bú sẹ́kún. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má di Ìbò o!"

Nígbà tí Màmá rẹ́rìn-ín tán, ó túmọ̀ rẹ̀ fún aládùúgbò wa. Mama Ngozi pàtẹ́wọ́. "Baba Dele, come join us! I go find you fine wife."

"Abeg take am," ni Màmá wí, "make I rest."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara oòrùn ni ojú rẹ̀ wà. Ó nu bàtà, ó sáré lọ. Nígbà tó dé ibẹ̀, wọ́n ti gbé àpótí ìbò lọ. Ó padà wálé, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń tú okùn bàtà náà díẹ̀díẹ̀. Kò nà mí. "Kò burú," ló wí. "Ìbò mìíràn ń bọ̀." Kí ìbò ìgbìmọ̀ mìíràn tó dé, ikọ́ ti gbé e lọ.

Ní yunifásítì, wọ́n kọ́ wa nípa ìgbìmọ̀ àwọn abúlé Òyìnbó, níbi tí ìbò kan ṣoṣo ti lè sọ àgbẹ̀ di kánsílọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó gba ìhìn rere. Láti 1999 tí àwọn ológun ti lọ, n kò pa ìbò kánsù kankan jẹ. Màá kun bàtà mi, màá lọ tò. Nígbà mìíràn, ìwé ìdìbò kò ní dé. Nígbà mìíràn, a ó ṣì wà lórí ìlà tí rédíò yóò ti máa kéde ẹni tó wọlé.

Ìfẹ́ ni ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà fi gbé bàtà pamọ́. Àgbà tí mo dà yìí kò mọ ẹni tó gbé tiwa pamọ́, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa wá a.

Bàbá ti lọ. Màmá ti lọ. Mama Ngozi sá lọ sílẹ̀ Ìgbò nígbà ogun abẹ́lé, kò sì padà. Ngozi ọmọ rẹ̀ wà láàyè ní Elekahia nílùú yìí, èmi náà sì wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ fún un lórí fóònù pé ìbò kánsù tún ń bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín bí ìyá rẹ̀.

"Dele," ló wí, "hold your two shoe well."