Àdúrà Ooru Lábẹ́ Igi Àáfà

Wọ́n gé igi máńgòrò ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àdúgbò Fate kí wọ́n lè ráyè ta kánópì, ká lè gbàdúrà kí Ọlọ́run dín ooru kù!

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀ láàárọ̀ yìí.

Abẹ́ kánópì yẹn ń sè wá bí ẹ̀wà.

Pásítọ̀ nu òógùn títí, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká sún sábẹ́ igi Àáfà ní òdìkejì títì."

Gbogbo wa rọ́ lọ.

Àáfà tẹ́ ẹní fún wa, ó fún wa lómi tútù, ó wá ní, "Pásítọ̀, gbogbo nǹkan ni kẹ́ ẹ gbàdúrà lé lórí, ẹ ṣáà fi igi tèmi sílẹ̀."

Pásítọ̀ ló kọ́kọ́ ṣe Àmín.

Ta ló ní igi máńgòrò kékeré tá a lè gbìn? Kíá o, kí Àáfà tó ká ẹní ẹ̀!